Orúkọ Méjì Lókè Jákẹ́ẹ̀tì Kásẹ́ẹ̀tì

Bàríga, Èkó
Júùnù 3, 2000

Bọ̀ọ̀dá mi Moshood,

Mo kí yín, Màmá kí yín, gbogbo àwọn tó ti gbà pé ẹ ti gbàgbé wa náà ní kí n kí yín. Ẹ kú òtútù. Láti Iléyá tí ẹ ti kọ lẹ́tà kẹ́yìn, a ò gbúròó yín mọ́. Fóònù ilé Alhaja tí ẹ máa ń pè sí, wọ́n ti gé e, ẹ má wulẹ̀ pè é. Màmá ní kí n bi yín bóyá ẹ ń jẹun. Mo ní, Màmá, ẹni tó wà ní Manchester, kí ló fẹ́ dí i lọ́wọ́ oúnjẹ. Wọ́n ní kí n ṣá béèrè. Mo ti béèrè.

Ó yá, ẹ jókòó dáadáa, ọ̀rọ̀ ńlá ni mo gbé wá.

Mo ti kúrò nínú ẹgbẹ́ ráàpù wa. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀, èmi, Mahmood Kóńdó, àti ọmọ Fọlá Àgòrò kan tí èémí máa ń tán nínú ẹ̀ kó tó parí ìlà kan. Mo wò ó, mo rí i pé èmi ni mò ń gbé gbogbo wọn rìn. Torí náà mo fẹ́ gbé mísítéèpù tèmi nìkan jáde. Orin mẹ́rìnlá nínú kásẹ́ẹ̀tì kan, Awwal Bíléèdì lókè gàdàgbà. Láti Ṣómólú dé Igbóbì, kò sí ẹni tí ẹnu ẹ̀ mú tó tèmi. Mi ò fọ́nnu o, bó ṣe rí ni mò ń sọ.

Mo ti pe èèyàn mọ́kànlá pé kí wọ́n wá bá mi kọ díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀. Mahmood náà wà níbẹ̀, kó má lọ sọ pé mo gbéra ga. Zeenat wà níbẹ̀, ẹni tí ohùn ẹ̀ dà bíi pé oyin ló fi fọ ẹnu. Ẹwàolúwa, ọmọ kọ́áyà, yọ́ wá láì jẹ́ kí pásítọ̀ wọn mọ̀. Mẹ́wàá ti pé báyìí. Ẹnì kan ló kù, ẹ̀yin ni.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti fi àyè yín sílẹ̀ nínú orin kẹsàn-án, ìṣẹ́jú kan gbáko. Wéré ni mo fẹ́ kí ẹ fi síbẹ̀. Ohùn tí ẹ fi máa ń jí Bàríga fún sààrì nígbà ààwẹ̀, tí àwọn ará Ìlàjẹ tí kì í gbààwẹ̀ pàápàá á dìde wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ wò ó, kò sí ráàpà kankan tó ní irú nǹkan yẹn. Bíìtì wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tí mo fi sínú àpò lẹ́tà yìí. Ẹ fi ohùn sí i, ẹ fi ránṣẹ́ padà kíá, mi ò ráyè máa dúró.

Èmi ni tiyín,
Awwal Bíléèdì, Ẹnu Tó Ń Gé Irin, Ọba Ráàpù Bàríga àti Agbègbè Ẹ̀


Manchester
Júláì 2, 2000

Awwal,

Mo rí lẹ́tà ẹ gbà. Bá mi kí Màmá, sọ fún wọn pé mò ń jẹun. Sọ fún wọn pé iṣẹ́ ni ò jẹ́ kí n máa kọ̀wé, kì í ṣe ìgbàgbé. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń fọ aṣọ ibùsùn wọn. Ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́rin ló ń ké mọ́ mi lórí láti àárọ̀, tí mi ò ní lè gbọ́ ohun tí èmi fúnra mi ń rò.

Ìwọ ò wá tíì rí nǹkan gidi fi ayé ẹ ṣe. SS1 lo ti sá kúrò nílé ìwé, o ní iṣẹ́ ìtẹ̀wé lo fẹ́ kọ́ ní Ṣómólú. Oṣù mẹ́rin péré lo lò níbẹ̀, o ní ẹ̀rọ ń run ọ́ nímú. Ó tún wá di ráàpù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà ẹ, mo rò pé mo ṣì í kà ni. O ní téèpù tìẹ nìkan, o wá lọ pe èèyàn mọ́kànlá. Tó bá jẹ́ pé o ní téèpù gbogbo wa ni, ṣé pápá ìṣeré lo máa lọ gbà ká lè gbà síbẹ̀?

Àmọ́ mo ṣe é. Lọ́jọ́ ìsinmi mi, èmi àti rédíò kásẹ́ẹ̀tì wọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, kí àwọn tá a jọ ń gbé má baà gbọ́. Ọdún mẹ́ta rèé tí mi ò tíì gbé ohùn sókè nílé ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo jáde, ojú mi tutù, mi ò mọ̀ bóyá òógùn ni.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó o ṣe fún mi. Má kọ orúkọ mi sí nǹkan kan o. Tí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé ẹnì kan láti ọ̀nà jíjìn ni. Mi ò dárúkọ ara mi nínú orin yẹn, ìwọ náà má dárúkọ mi. Fọ́tò tí mo fi sínú ẹ̀, Màmá ni kó o fún. Aṣọ iṣẹ́ mi ni mo wọ̀ níbẹ̀, kí wọ́n lè rí i pé iṣẹ́ gidi ni mò ń ṣe.

Ẹ̀gbọ́n ẹ,
Moshood


Bàríga
Ọ́gọ́ọ̀sì 6, 2000

Bọ̀ọ̀dá mi, ọ̀gá mi, olóhùn iyọ̀,

Ẹ kú iṣẹ́ o, iṣẹ́ ò ní pa yín. Ẹ ti da ìlú rú.

Mo gbé ohùn yín sí i ní sìtúdíò. Zeenat ń sunkún. Mahmood, tí ẹ mọ̀ pé kì í gbà fún ẹnikẹ́ni, ní kí n tún un gbé sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà la gbọ́ ọ. Èmi pàápàá tí mo ráàpù tẹ̀lé yín, ó dà bíi pé mò ń bọ̀ lẹ́yìn yín tí mò ń gbé bàtà yín dání. Mi ò ní sọ irú ẹ̀ mọ́, torí náà ẹ tọ́jú lẹ́tà yìí.

Àmọ́ wàhálà ti dé kó tó di pé a tẹ jákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn pépà aláwòrán tó ń wà nínú ike kásẹ́ẹ̀tì. Orúkọ ta ló máa ṣáájú nínú àwọn àlejò? Mahmood ní òun. Zeenat ní òun lobìnrin, àwọn obìnrin ló máa ra téèpù. Ẹwàolúwa tó ní kí pásítọ̀ má mọ̀, òun náà ní òun ò gbọdọ̀ wà nísàlẹ̀. Ìjà gidi, Bọ̀ọ̀dá mi. Mẹ́ta nínú wọn ní kí n yọ ohùn àwọn kúrò.

Ọ̀gá Isiaq ló yanjú ẹ̀, ọ̀gá mi tẹ́lẹ̀ ní Ṣómólú, tó ń tẹ jákẹ́ẹ̀tì fún mi. Ó ní, "Ìwọ Awwal, ṣé ẹ̀gbọ́n ẹ kọ́ ló kọ wéré yẹn? Gbé e sókè. Ta nínú àwọn ọmọ yìí ló máa bá ẹ̀gbọ́n du àyè?" Ìjà parí níbẹ̀.

Ẹ ní kí n má kọ orúkọ yín. Mo ka ibẹ̀ sí Màmá létí, ńṣe ni wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Àkànó mi náà nìyẹn. Nígbà tó gbégbá orókè nílé kéú, ẹ̀yìn ilé ìdáná ló lọ fara pamọ́ sí." Wọ́n ní ẹ̀yin kọ́ lẹ máa sọ pé kí n gbé yín ga, èmi àbúrò ló yẹ kí n mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Ṣé màá wá kọ orúkọ yín ní ṣókí bíi ti ẹgbẹ́ mi ni? Mo kọ ọ́ tán pátápátá: MOSHOOD ÀKÀNÓ KÀSÚMÙ, ỌMỌ BÀRÍGA NÍ MANCHESTER. Ó gùn débi pé ó gba abẹ́ fọ́tò yín, ó tún gba abẹ́ fọ́tò tèmi. Mi ò lè gbé ara mi sórí yín, ẹ̀yin náà ò sì lè wà lórí mi nínú téèpù tèmi, mo wá gbé wa sí ẹ̀gbẹ́ ara wa lókè, orúkọ tèmi lórí fọ́tò tèmi, àwọn mẹ́wàá yòókù nísàlẹ̀. Fọ́tò tí ẹ fi aṣọ iṣẹ́ yà yẹn ni mo lò. Ẹ dà bíi dókítà.

Ẹ̀dà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni. Sẹ̀tẹ́ńbà 2, ọjọ́ Sátidé, la máa fi lọ́lẹ̀ ní pápá. Mo fi jákẹ́ẹ̀tì kan sínú lẹ́tà yìí.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé. Ìyá Sabina, tí wọ́n kó wá sí ẹ̀gbẹ́ ilé wa lẹ́yìn tí ẹ lọ, ní ọmọ ní Manchester níbẹ̀. Wọ́n ti bá mi fi ogún kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí i, ẹni tó gbé e ti wọ ọkọ̀ òfuurufú lánàá. Sabina máa pín in fún gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀. Kó tó pẹ́, ẹ̀yin á kàn máa rìn lójú títì, wọ́n á máa na ọwọ́ sí yín. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Èmi ni,
Awwal Bíléèdì, Ẹni Tí Wọ́n Ń Bẹ̀ Kó Tó Dáhùn


Manchester
Ọ́gọ́ọ̀sì 19, 2000

Awwal,

Lọ sínú yàrá, ti ilẹ̀kùn, kó o tó ka èyí. Má kà á sí Màmá létí. Má kà á síta.

Kò sí Moshood Kàsúmù níbí. Adéjìmí ni mò ń jẹ́. Ìwé ìgbélùú tèmi ti parí láti ọdún kejì tí mo dé. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Adéjìmí ń padà lọ sílé, ó fi ìwé tiẹ̀ sílẹ̀ fún mi, òun ni mo fi gba iṣẹ́. Káàdì tó wà láyà mi nínú fọ́tò yẹn, tó o bá wò ó dáadáa, orúkọ ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìwọ wá tẹ orúkọ mi àti ti bàbá mi sábẹ́ ẹ̀, o tún fi ìlú tí mo wà sí i, o wá fi ogún ránṣẹ́ wá síbi tí mo ti ń fara pamọ́.

Tí ọ̀gá mi bá rí i, ọlọ́pàá ló máa pè. Wọ́n á tì mí mọ́lé, wọ́n á sì fi ọkọ̀ òfuurufú dá mi padà pẹ̀lú aṣọ tó bá wà lọ́rùn mi. Ọdún mẹ́ta mi lọ nìyẹn.

O máa ní èé ṣe tí mi ò sọ fún ẹ. Ta ló ń ka lẹ́tà mi sí Màmá létí lẹ́nu ọ̀nà, tí gbogbo ayálégbé ń dá sí i? Ìwọ ni. Ẹnu ẹ ò ní ìdérí, Awwal. Mo rò pé tí mo bá ti ní má kọ ọ́, o ò ní kọ ọ́. Mi ò mọ̀ pé ìwọ àti Màmá máa jókòó túmọ̀ ẹ̀ sí ìtìjú.

Ohun tó o máa ṣe nìyí. Jákẹ́ẹ̀tì kan ò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹ pẹ̀lú orúkọ mi tàbí ojú mi lórí ẹ̀. O ò sì gbọdọ̀ sọ ìdí ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kì í ṣe Mahmood, kì í ṣe Ọ̀gá Isiaq, kì í ṣe Màmá. Gba àwọn tó lọ sọ́dọ̀ Sabina padà, mi ò mọ bó o ṣe máa ṣe é. Ẹnì kan tó ń bọ̀ ní Èkó ni mo fi lẹ́tà yìí rán, kó lè yára.

Mi ò mọ Sabina. Mi ò mọ ojú ẹ̀. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Moshood


Manchester
Ọ́gọ́ọ̀sì 30, 2000

Awwal,

Ọjọ́ mọ́kànlá. Mi ò gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ ẹ.

Mo ti kúrò níbi tí mò ń gbé, mo wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ kan. Lánàá, ọ̀gá mi ní kí n mú ìwé mi wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun fẹ́ tún un wò. Kò sọ ìdí ẹ̀.

Ọmọ Yorùbá kan wà ní ilé ìdáná wa, Tabitha ni wọ́n ń pè é. Ó ní Ìbàdàn lòun ti wá. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ yìí, mo sọ fún un pé ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, ọ̀rọ̀ wa ò ju ẹ káàárọ̀ lọ láti oṣù méje. Láti Mọ́ńdè ló ti ń wò mí. Ó máa gbé abọ́ dání, á dúró, á wò mí, á wá kọjá. Mo rò pé ó mọ Sabina. Mo rò pé kásẹ́ẹ̀tì ti dé ọwọ́ ẹ̀.

Mi ò lè má lọ síbi iṣẹ́, torí tí mi ò bá lọ, mo ti fẹnu ara mi jẹ́wọ́ nìyẹn.

Kọ̀wé sí mi. Ohun yòówù tó o bá ṣe, kọ ọ́.

M.


Bàríga
Sẹ̀tẹ́ńbà 5, 2000

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ẹ dákun. Ohun tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, torí mi ò mọ bí mo ṣe máa kí yín.

Ẹni tí ẹ fi lẹ́tà rán kọ́kọ́ lọ kí àwọn èèyàn ẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, ó lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko níbẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ó ku ọjọ́ méjì kí a fi téèpù lọ́lẹ̀. Tí ẹ bá kọ òmíràn lẹ́yìn ẹ̀, mi ò tíì rí i.

Mo kà á nínú yàrá. Màmá ń sá ẹja ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní, "Kí ni Àkànó wí?" Mo ní ẹ kí wọn. Wọ́n ní, "Kà á fún mi." Mo ní ìwé yín ò já geere, màá kọ́kọ́ tú u kà. Wọ́n wò mí, wọ́n padà sídìí ẹja. Mo ti Ìlàjẹ gba ọ̀nà ẹ̀yìn sáré dé Ṣómólú.

Ọ̀gá Isiaq ti kó gbogbo jákẹ́ẹ̀tì jọ sórí tábìlì, ó ń dán bíi wúrà. Mo ní kó yọ ojú yín àti orúkọ yín kúrò. Ó ní, "Ṣé orí ẹ pé?" Mo ní ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ó bi mí pé kí ló dé. Bọ̀ọ̀dá mi, ẹnu mi yìí, tí kì í dákẹ́, mo pa á dé. Mo ní kò sí nǹkan kan.

A kọ́kọ́ fi yínkì dúdú tẹ̀ ẹ́ bolẹ̀. Nígbà tó gbẹ, mo gbé e sí oòrùn, mo dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan báyìí, mo ka MOSHOOD ketekete lábẹ́ yínkì. Ọ̀gá Isiaq ní ẹni tó bá fẹ́ rí i nìkan ló máa rí i. Mo ní ẹni yẹn gan-an ni mò ń sá fún.

Ó ku ẹ̀rọ ìgépépà. Ẹ mọ̀ pé ọ̀bẹ ẹ̀rọ yẹn kì í gé igun. Láti etí dé etí ló ń gé, tààrà ni. Orúkọ yín tí mo fà gùn bẹ́ẹ̀ ti gba abẹ́ fọ́tò tèmi kọjá. Tí a bá gé yín, a gé èmi náà. Fọ́tò mi, Awwal Bíléèdì, gbogbo ẹ̀. Ó máa ku àwọn mẹ́wàá tó wà nísàlẹ̀. Kò sí pépà mìíràn, Sátidé ti sún mọ́lé.

Àwọn àlejò ti gbọ́, wọ́n wá. Wọ́n dúró yí tábìlì ká. Mahmood ní, "Ẹ jẹ́ n bi í léèrè. Bíléèdì, ṣé torí ohùn ẹ̀gbọ́n ẹ borí tìẹ lo ṣe fẹ́ yọ ọ́? Ṣé ò ń jowú ni?"

Mo wo ojú ẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mò ń jowú.

Zeenat pòṣé. Ó ní, "O ò tiẹ̀ tijú." Ẹwàolúwa ní kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mahmood rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa, gé e, kó o gé ara ẹ mọ́ ọn. A máa rí ohun tó o máa fi fọ́nnu." Wọ́n rò pé mi ò ní lè ṣe é. Ọ̀gá Isiaq gan-an ò fẹ́ fọwọ́ sí i.

Èmi ni mo gé e, Bọ̀ọ̀dá mi. Oṣù mẹ́rin tí ẹ ní mi ò fi kọ́ nǹkan kan yẹn, ẹ̀rọ yẹn ni mo kọ́. Mo to pépà, mo gbọ̀n ọ́n kí etí ẹ̀ dọ́gba, mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohùn tó máa ń ṣe yẹn, bíi pé ẹnì kan gé ìrèké. Òkìtì márùn-ún. Mo kó àwọn ojú wa lọ sínú garawa lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé, mo dáná sí i, mo dúró tì í títí tó fi di eérú. Ẹyọ kan ò kù.

Ní pápá, ẹni tó ń darí ètò gbé jákẹ́ẹ̀tì sókè, ó ka àwọn orúkọ tó wà níbẹ̀. Mẹ́wàá. Bó ṣe ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gun orí pèpéle, tí àwọn èèyàn ń hó. Ó wá ní, "Ta ló tiẹ̀ ni téèpù yìí?" Àwọn bọ́ìsì ń wojú ara wọn. Mo ti wà lẹ́yìn, níbi jẹnẹrétọ̀, torí tí mo bá jáde, wọ́n á bi mí ta ló kọ wéré. Mahmood gba máìkì.

Mo sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé tí ẹnikẹ́ni bá béèrè ohùn wéré yẹn, kí wọ́n ní ẹnì kan láti ọ̀nà jíjìn ni. Ìyẹn nìkan ni mo bẹ̀ wọ́n.

Àmọ́ ogún tó lọ, mi ò rí i gbà padà. Mo lọ bá Ìyá Sabina, mo ní kí wọ́n fún mi ní àdírẹ́sì ọmọ wọn. Wọ́n ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Mi ò rí irọ́ kankan pa. Èmi, Awwal, mi ò rí irọ́ pa. Mo ní kí wọ́n má bínú, mo kúrò níbẹ̀.

Ẹ kọ̀wé sí mi. Ẹ sọ fún mi pé ẹ ṣì wà níbẹ̀.

Àbúrò yín,
Awwal


Manchester
Sẹ̀tẹ́ńbà 17, 2000

Awwal,

Mo wà. Mo ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo ti padà síbi tí mò ń gbé, ibẹ̀ ni mo ti rí lẹ́tà ẹ. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí ọkàn ẹ lè balẹ̀.

Ní ọjọ́ tí mo mú ìwé mi lọ fún ọ̀gá mi, mo wọ aṣọ méjì, torí mo gbọ́ pé òtútù máa ń mú nínú àtìmọ́lé. Ó wo ìwé náà, ó kọ nǹkan sínú ìwé tiẹ̀, ó dá a padà fún mi. Ó ní ọdọọdún lòun ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́. Mo padà sídìí ẹ̀rọ, mo ń da ọṣẹ sí i.

Ibẹ̀ ni mo wà tí Tabitha ti ilé ìdáná fi wọlé. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀. Ó gbé àpò náílọ́ọ̀nù kan lé orí aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Moshood, màmá mi ní kí n kí yín."

Mo ní, "Adéjìmí ni mí."

Ó ní, "Mo gbọ́. Tabitha lèmi náà." Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Sabina ni màmá mi ń pè mí. Ẹnì kan ló yá mi ní Tabitha."

Awwal, oṣù méje ni mo fi ń bá obìnrin yìí kí ẹ káàárọ̀. Èmi ń parọ́ Abẹ́òkúta fún un, òun ń parọ́ Ìbàdàn fún mi, Bàríga ni ilé ìyá àwa méjèèjì, ògiri kan ló là á láàárín. Gbogbo ọjọ́ tó fi ń wò mí yẹn, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó rò pé èmi náà ti mọ òun, pé ìyá òun ti kọ orúkọ òun sí nǹkan kan.

Mo tú náílọ́ọ̀nù. Ogún jákẹ́ẹ̀tì ló wà níbẹ̀, èmi àtìẹ ní ìgbà ogún, ìwọ pẹ̀lú gíláàsì dúdú. Ọjọ́ tó dé ọwọ́ ẹ̀ ló ti yọ gbogbo ẹ̀ kúrò. Kásẹ́ẹ̀tì lásán ló pín. A gé wọn wẹ́wẹ́, a kó wọn sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ tó gbóná jù, nígbà tó jáde, ó ti di ẹ̀kọ. Mo fẹ́ yọ ọ̀kan pamọ́ torí tìẹ, àmọ́ mo dá ara mi dúró.

Mo bú ẹ pé ẹnu ẹ ò ní ìdérí. Mo ka ibi tó o ti sọ fún Mahmood pé ò ń jowú. Mo kà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Ó dùn mí pé èmi ní orúkọ méjì, ìwọ tó ni téèpù ò wá ní ẹyọ kan.

Nígbà mìíràn tó o bá tẹ òmíràn, fi orúkọ ara ẹ sí i, kó tóbi.

Sọ fún Màmá pé mò ń jẹun.

Ẹ̀gbọ́n ẹ


Bàríga
Ọkitóbà 8, 2000

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ẹ kú ewu. Mo fi iwájú orí kan ilẹ̀ nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, mo kìrun tí mi ò tíì kí láti bí ọdún kan.

Téèpù yẹn ń tà bí àkàrà. Ní Fọlá Àgòrò, wọ́n ń dà á kọ fún ara wọn. "Téèpù Mahmood" ni gbogbo èèyàn ń pè é. Mo wà níwájú ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò lọ́jọ́ kan, bọ̀bọ́ kan ń ráàpù ìlà tèmi, mo bá a tún ibi tó ṣì sọ ṣe. Ó ní, "Kí lo mọ̀? Ṣé ìwọ lo kọ ọ́?" Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo la ẹnu tí mo tún pa á dé. Ẹ má rò pé ó rọrùn o. Tí wọ́n bá ń fún èèyàn ní ife ẹ̀yẹ torí pé ó dákẹ́, tèmi ni.

Lọ́jọ́bọ̀, rédíò pe Mahmood, ọ̀sán gangan. Màmá ń to ẹja, Ìyá Sabina jókòó tì wọ́n, èmi wà lórí àga. Mahmood sọ ọ́ dáadáa, mi ò ní purọ́. Wọ́n wá gbé orin kẹsàn-án sí i. Ohùn yín jáde, ó kún gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Ọwọ́ Màmá dúró lórí ẹja.

Olóòtú ètò ní, "Ta ló ni wéré yìí?" Mahmood ní, "Ẹnì kan láti ọ̀nà jíjìn ni." Ó pa àṣẹ mi mọ́, mi ò mọ ìdí tó fi ṣe é.

Ìyá Sabina ní, "Ohùn yìí dùn o. Ìyá Moshood, kì í ṣe ọmọ yín tí wọ́n ní ó kọ wéré nìyẹn?"

Màmá ní, "Ta ló purọ́ yẹn? Mi ò mọ ẹni tí ń kọ yẹn rárá." Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í to ẹja padà.

Nígbà tí Ìyá Sabina lọ, mo ní, Màmá, ta ló sọ fún yín? Wọ́n ní, "Awwal, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ẹ, lẹ́tà wo lo rí tí o ò kà síta? Ìgbà tó o gbé ti ọjọ́sí wọ yàrá lọ, mo ti mọ̀ pé kò yẹ kí n gbọ́ ọ." Wọn ò bi mí ní nǹkan mìíràn. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sí yín pé àwọn gbọ́ ohùn yín, pé ohùn ẹni tó ń jẹun ni.

Àpò lẹ́tà yìí, Adéjìmí ni mo kọ sí i lára. Màmá ní kí n bá àwọn kí Tabitha náà. Mi ò mọ ẹni tó sọ tìyẹn fún wọn, ó lè jẹ́ pé àwọn ìyá méjèèjì ní lẹ́tà tiwọn.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí orúkọ mi nísàlẹ̀ yìí, pẹ̀lú gbogbo oyè ẹ̀. Ẹ má retí ẹ̀. Ẹ mọ ẹni tó kọ ọ́.